Ṣé kí n san 22 dọ́là lọ wo kóòtù lára ọmọláńgidi?

ÌBÉÈRÈ (ọdún 2025, kí àfihàn tí a sọ níbí tó parí)

Ẹ kú ilé o. Newark ní New Jersey ni mò ń gbé, ẹni ọdún 67 ni mí. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Brooklyn ló ní òun fẹ́ mú mi lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ńlá tó wà ní Manhattan, Metropolitan Museum of Art. Ó ní wọ́n pàtẹ ìtàn aṣọ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú síbẹ̀, wọ́n pè é ní Superfine, àti pé 26 oṣù kẹwàá 2025 yìí ni wọ́n máa kó o kúrò nílẹ̀. Ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: kóòtù lára ọmọláńgidi, òmíràn, òmíràn. Mo ní ṣé torí èyí la ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin méjì? Ní Sátidé kan ṣoṣo, nínú họ́ọ̀lù kan ṣoṣo, mo lè ka agbádá aṣọ òkè ogójì láì san kọ́bọ̀, wọ́n á sì tún gbé ìrẹsì fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ṣé nǹkan wà níbẹ̀ fún irú mi? Bí mo bá sì máa lọ, ṣé agbádá ni kí n wọ̀ ni àbí kóòtù?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ. Èmi ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, títún aṣọ ṣe ni mo sì fi ń jẹun níhìn-ín ní Bronx. Ojú télọ̀ kì í wo aṣọ bí ojú ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti owó. Ní 2025 yìí, 30 dọ́là ni àgbàlagbà ń san. Ẹni tó bá ti pé 65 ń san 22, ẹ̀yin nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé 12 kì í san nǹkan kan. Ọmọbìnrin yín ní tirẹ̀, nítorí pé ìpínlẹ̀ New York ló ń gbé, iye tó bá wù ú ni yóò san, kó ṣáà mú káàdì tó ní àdírẹ́sì rẹ̀ dání. Ẹ̀yin ará New Jersey kò sí nínú ìyẹn, àfi akẹ́kọ̀ọ́ yín. Owó náà kì í ṣe ti àfihàn aṣọ nìkan, gbogbo ilé ni ẹ máa fi rí, títí dé ti Íjíbítì. Wọ́n ń tì í lọ́jọ́rú. Lọ́jọ́ Ẹtì àti Sátidé, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí wọ́n tó tì. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni kí ẹ fojú sí. Ẹ wọ ọkọ̀ 4, 5 tàbí 6 dé òpópónà 86, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Fifth Avenue. Àjà kejì ni wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí.

Ti agbádá tàbí kóòtù, mo ń bọ̀ wá dá a lóhùn, ìtàn wà nínú ẹ̀.

* * *

Èmi ò mọ̀ pé “iye tó bá wù ú” ló máa dá ìjà sílẹ̀! Mo jí, mo rí i pé ẹ ti ń bú ara yín lábẹ́ èsì mi. Apá kan ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n san dọ́là kan, pé òfin fún un láyè. Apá kejì ní ìtìjú ni, pé ọmọ tó ní iṣẹ́ gidi kò gbọdọ̀ na dọ́là kan sí òyìnbó lójú gbogbo ayé. Ẹnìkan tiẹ̀ ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ ló ń ba orúkọ wa jẹ́.

Dọ́là márùn-ún lèmi san nígbà àkọ́kọ́. Akọ̀wé orí kàǹtà kò wo ojú mi rárá, ó gba owó, ó fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ta ló bàjẹ́? Ayẹyẹ alẹ́ kan tí wọ́n fi ṣí àfihàn yìí, ní 5 oṣù karùn-ún, 31 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n rí kó jọ níbẹ̀. Ẹ má bá wọn sunkún. Ní ti 22 dọ́là ẹ̀gbọ́n fúnra wọn, ẹ má bínú o, àmọ́ ọkùnrin tó lè ná iye yẹn mọ́ olórin níwájú orí ijó kí orin kan tó parí, kì í ṣe owó ló ń dá a dúró.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọmọláńgidi wá dé. Bí mo bá kó èsì yín pọ̀, ohun kan náà lẹ ń sọ: aṣọ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ kò láyé, òde àríyá wa ni mùsíọ́ọ̀mù tó dára jù. Ará Houston ní ní ìsìnkú màmá òun nìkan, àrà tí òun rí lára fìlà ju èyí tí òyìnbó lè kó jọ lọ.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, màá padà sí i. Ṣùgbọ́n aṣọ ọdún yìí lẹ máa rí lóde àríyá. Ta ló ń wọ ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ wọ̀ lọ síbẹ̀? Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Inú mùsíọ́ọ̀mù yẹn ni àkísà àgbà wà, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n pín in sí ìsọ̀rí 12. Monica L. Miller, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Barnard College, tó ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà láti 2009, ló ṣe ètò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀. Ohun tó ń tọpinpin ni afínjú: ọkùnrin dúdú tó mọ̀ọ́mọ̀ múra, ohun tó ń wá nínú ìmúra rẹ̀, àti ohun tí ayé rí nígbà tí wọ́n wò ó.

Aṣọ tó mú mi dúró pẹ́ jù kò tilẹ̀ jẹ́ ti afínjú. Kóòtù àti wésíkóòtù aṣọ àrán ni, àwọ̀ àlùkò, tí wọ́n fi ọ̀já wúrà gbá létí. Maryland ló ti wá, ní nǹkan bí 1840, ẹrú ló sì wọ̀ ọ́. Mo dúró níwájú rẹ̀, orí mi ń ṣírò iye wákàtí tí ọ̀já yẹn gbà lọ́wọ́ ẹni tó rán an. Iṣẹ́ ńlá ni. Aṣọ tí ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lómìnira nígbà náà kò lè rà, ẹni tí kò ní ara rẹ̀ ló wọ̀ ọ́, kí àlejò lè mọ bí olówó rẹ̀ ṣe lọ́lá tó. Aṣọ là á kí ká tó kí ènìyàn, àbí? Wọ́n kí aṣọ yẹn dáadáa. Ẹni tó gba ìkíni náà jókòó sínú pálọ̀, ẹni tó wọ aṣọ ló gbé àwo dúró.

Ẹ má sì rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní ìlàrí, ẹrú ààfin, tí wọ́n ń fá apá kan orí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i lójú ọ̀nà tó mọ̀ pé ti Aláàfin ni.

* * *

Sí ìyá tó ní òun kò lè mú ọmọ lọ síbi tí wọ́n kó aṣọ ẹrú sí: mo mú tèmi lọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìbéèrè kan péré ló bi mí níwájú kóòtù àrán yẹn: “Dádì, ṣé wọ́n jẹ́ kó gbé e lọ sílé?” Mo ní rárá. Ó kọjá síbi aṣọ àwọn tó ń gun ẹṣin sáré. Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, ó tún béèrè lọ́nà mìíràn. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

* * *

Ẹnìkan béèrè ìtumọ̀ Superfine tí wọ́n fi sọ orúkọ àfihàn náà. Lẹ́nu àwa tó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, irú wúùlù tó kúnná jù lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà tún jáde nínú ìwé tí Olaudah Equiano kọ nípa ayé ara rẹ̀ ní 1789. Ọmọ Ìgbò ló pe ara rẹ̀, ó ní wọ́n jí òun gbé ní kékeré, wọ́n sì tà òun. Ní 1766, ní erékùṣù Montserrat, ó ra ara rẹ̀ padà ní 70 pọ́n-ùn owó ibẹ̀, owó tó fi ọjà kéékèèké kó jọ láàárín iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó wá sọ pé òun yọ ohun tó lé ní 8 pọ́n-ùn nínú owó òun, òun fi ra aṣọ superfine kan tí òun máa fi jó lọ́jọ́ òmìnira òun.

Ẹni tá a jọ lọ ní ìnákúnàá ni, pé kí ló dé tí kò kọ́kọ́ fi owó náà ra ohun tó máa mú owó wá.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ nílé, ṣé mo tún ní láti ṣàlàyé? Ọdún mẹ́ta ni mo sìn lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo lọ ra ẹ̀wà fún ìyàwó ọ̀gá, mo fi àkókò tó ṣẹ́ kù mọ ojú bọ́tìnnì. Oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ṣe fúríìdọ̀mù mi ni mo ti ń tọ́jú owó aṣọ. Lésì aláwọ̀ ewé ni mo rà, òru ni mo rán an, tìrẹ́ẹ̀dì tèmi ni mo lò kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo jí ti ọ̀gá. Lọ́jọ́ náà wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì àti téèpù lé mi lọ́wọ́, mo jó títí òógùn fi ba lésì yẹn jẹ́. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì máṣìnnì tó yẹ kí n rà. Mo mọ̀ pé ìyà ẹrú àti ìyà ọmọṣẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́, ẹ má torí ìyẹn bú mi. Àmọ́ orúkọ kan náà lèmi àti Equiano pe ọjọ́ náà, aṣọ ijó rẹ̀ ni àwa méjèèjì sì kọ́kọ́ rò.

* * *

Ó tó ẹni mẹ́fà tó ti bi mí báyìí: agbádá dà? Ará Atlanta bínú jù. Ó ní bí wọ́n bá lè fi ọ̀ọ́dúnrún ọdún sọ̀rọ̀ aṣọ ọkùnrin dúdú tí kò dá lé agbádá, wọ́n ti fojú di wa, kí a má san kọ́bọ̀ fún wọn.

Èmi ò gbà. Aṣọ tí wọ́n gé mọ́ ara ni wọ́n pè wá wá wò: kóòtù, wésíkóòtù, táì, àti ohun tí àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù àti ní àwọn erékùṣù Caribbean fi ṣe. Ẹni tó ní ká wá jẹ iyán kò jẹ wá ní àmàlà. Ará ilé sì wà níbẹ̀: Iké Udé, ayafọ́tò tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tó gbà wọ́n nímọ̀ràn, aṣọ Jacques Agbobly, tí wọ́n bí ní Lomé ní Tógò, wà lórí àtẹ.

Ibí yìí ni mo ti padà sí òótọ́ yín nípa ọmọláńgidi. Kóòtù kò nílò ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ti fi gọ́ọ̀mù àti kánfáàsì kọ́ èjìká àti àyà sínú rẹ̀. Gbé e kọ́ ara igi, ó ṣì ní àyà. Agbádá kò ní àyà kankan nínú. Ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ni ìdajì rẹ̀ wà. Ó ká apá rẹ̀ sórí èjìká, ó já bọ́, ó tún ká a. Bàbá kan á fi kíká apá yẹn dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíràn lẹ́nu láìla ẹnu. Ère kò lè ká apá. Mo ti rí agbádá nínú gíláàsì rí níbòmíràn, wọ́n na apá rẹ̀ méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ojú tì mí.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ẹ̀wù ilẹ̀ wa àtijọ́ pátápátá, kó forí lé Jámánì. Ẹ̀wù méjì tó wá láti Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin tòní, wà ní ìlú Ulm. Wọ́n ti wà nínú ìwé àkójọ ẹrù oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann láti 1659. Ọpọ́n Ifá kan wà nínú ẹrù kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń wá agbádá ní Manhattan, ohun tí màá ní kí ẹ dúró wò ni súùtù fífẹ̀ ti àwọn ọdún 1940, zoot suit. Kóòtù gùn sún mọ́ orúnkún, èjìká rẹ̀ gbàgadà, ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ bí àpò, ó wá fún pinpin lọ́rùn ẹsẹ̀. Nígbà tí mo rí i, ẹ̀rín pa mí. Kẹ̀m̀bẹ̀ mà ni! Ní 1942, nítorí ogun, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dín iye aṣọ tí télọ̀ lè gé kù, wíwọ ohun tó ń jẹ yáàdì wá dà bí ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1943, àwọn sójà ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí lé àwọn ọ̀dọ́ tó wọ̀ ọ́ káàkiri Los Angeles, àwọn ọmọ Mexico ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ń nà wọ́n, wọ́n ń bọ́ aṣọ lára wọn ní gbangba. Gbogbo ìyẹn lórí ṣòkòtò. Ẹni tó bá mọ ìdí tí bàbá wa fi ń ra yáàdì 10 bo ara tí yáàdì 4 bò yó, kò ní bi àwọn ọmọ yẹn ní ìbéèrè kankan. Aṣọ tó pọ̀ ju ara lọ, èdè kan ni. Ọba gbọ́ ọ, ọlọ́pàá náà gbọ́ ọ.

* * *

Ará Peckham ní àfihàn aṣọ ọkùnrin ti London ní 2022 ló dára jù. Ó ṣe kòńgẹ́, ìgbéyàwó àbúrò mi gbé mi débẹ̀ lọ́dún náà, mo sì rí i: Fashioning Masculinities, ní mùsíọ́ọ̀mù V&A, láti 19 oṣù kẹta di 6 oṣù kọkànlá. Ìyẹn gbòòrò jù, ó kó gbogbo ọkùnrin pọ̀, látorí ère àwọn òrìṣà Gíríìkì tó wà níhòòhò. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé: aṣọ ọrùn onílésì tí Grinling Gibbons fi igi gbẹ́ ní nǹkan bí 1690, gbogbo ihò lésì náà pé lára igi. Horace Walpole, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, so ó mọ́rùn ní 1769, ó fi jáde sí àlejò. Igi! Ẹ ò rí i pé àwọn náà ń ṣeré.

Ohun tí ẹ ń jà lé lórí nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn kì í ṣe igi, ṣá. Aṣọ mẹ́ta tó kẹ́yìn àfihàn London ni: gáùn tí Billy Porter, òṣèré Amẹ́ríkà, wọ̀ lọ síbi ẹ̀bùn Oscar ní 2019, èyí tí òkè rẹ̀ jẹ́ kóòtù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gáùn ńlá, èyí tí Harry Styles, olórin Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀ ya fọ́tò, àti aṣọ ìgbéyàwó kan. Ẹnìkan ní torí irú nǹkan báyìí ni òun kì í fi í dé mùsíọ́ọ̀mù, pé ọkùnrin Yorùbá kì í wọ nǹkan obìnrin.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ rán gáùn o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ àwọn bàbá wa. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, akọ ọkùnrin, ń dirun bí obìnrin, aṣọ ìdí rẹ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bó bá ń jó. Lésì tí ẹ fi ń lọ síbi ìgbéyàwó ńkọ́? Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ará Lustenau ní Austria ti ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ bá bi òyìnbó tó ń ṣe é pé ta ló ń wọ irú rẹ̀ níbẹ̀, yóò sọ fún yín pé ìyàwó òun. Àwa la gbé e wọ Bàbá Ìjọ. Ọkùnrin wa rí aṣọ obìnrin òyìnbó, ó ní èyí tó èèyàn, ó fi rán bùbá, ṣòkòtò àti agbádá, ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé. Àwọ̀ píǹkì náà ńkọ́? Ní London yẹn kan náà, àwòrán ńlá tí Joshua Reynolds ya ní 1773 sí 1774 wà lára ògiri, ọlọ́lá kan, Charles Coote, tó wọ píǹkì látòkè délẹ̀, ìyẹ́ ògòǹgò lórí. Ọkùnrin ni o.

Ní tèmi, ohun tí mo lọ wò lára gáùn Porter ni ìbàdí, bí ẹni tó rán an ṣe so kóòtù mọ́ gáùn tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi fà á ya. Wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tún bi mí ní ti agbádá tàbí kóòtù, wọ́n ní mo gbàgbé. Mi ò gbàgbé, mò ń sá fún un ni.

Nígbà àkọ́kọ́, agbádá ni mo wọ̀ lọ. Gínì funfun, iṣẹ́ ọnà búlúù, mo ní kí wọ́n rí wa. Mo dé ibi irin tó ń yí ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀, mo fi káàdì kàn án, mo wọlé, apá ọ̀tún kò wọlé. Irin ti ká a. Èrò wà lẹ́yìn mi. Mo fà á, mo gbọ́ “fààà”. Télọ̀! Ẹ̀yìn òpó ni mo ti fi pín-ìnì so ó, mo sì fi odidi ọjọ́ yẹn ká apá ọ̀tún mọ́ èjìká bí olóṣèlú. Èèyàn mẹ́ta ló ní ká jọ ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé náà, mo rẹ́rìn-ín, mi ò tú apá.

Nínú ilé fúnra rẹ̀, èrò pọ̀, àyè há láàárín àwọn àtẹ, agbádá á máa gbá nǹkan, ẹ̀yin náà ò ní gbádùn. Àwọn kan níbí ní kí ẹ wọ súùtù torí àfihàn súùtù ni. Nínú oṣù kẹwàá? Ooru inú ilé àti òtútù ìta á máa fi yín ṣeré. Bùbá àti ṣòkòtò tó wúwo díẹ̀, fìlà, kóòtù òtútù tí ẹ lè bọ́ gbé lọ́wọ́. Bàtà tó rọ̀ ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ o, ẹ máa dúró pẹ́. Ẹni tó ní kí ẹ wọ bàtà aláwọ̀ ọ̀nì kò fẹ́ràn yín.

* * *

Ẹ ti ń ráhùn pé inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹnìkan ní wọ́n ń ṣọ́ iná. Ìmọ́lẹ̀ ló ń pa aṣọ, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ń jẹ aró, ó ń mú òwú gbẹ. Ìlànà tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù ń tẹ̀lé fún aṣọ àtijọ́ ò ju nǹkan bí 50 lux, ìyẹn òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀, lọ, bíi ti yàrá tí ẹ fi iná kékeré sílẹ̀ nínú rẹ̀ lóru. Ìdí kan náà ni irú àfihàn yìí kì í fi í pẹ́, oṣù díẹ̀ ni, wọ́n á kó o padà sínú àpótí. Ẹ mú gíláàsì ojú yín dání, kí ẹ dúró níwájú aṣọ kan kí ojú yín kọ́kọ́ mọ òkùnkùn náà lára. Ẹ má tan iná fóònù, wọ́n á pariwo mọ́ yín.

Ẹni tó kánjú, mélòó kan péré ni kó wò: kóòtù àrán yẹn, kóòtù onírù ti Frederick Douglass, ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú tó wá di ẹni tí ayé ń gbọ́rọ̀ rẹ̀, àti súùtù fífẹ̀ tí mo sọ. Kó sì má fo rìsíìtì W. E. B. Du Bois. Rìsíìtì ni mo wí, ti télọ̀ àti ti alágbàfọ̀! Ọ̀mọ̀wé ńlá, ó tọ́jú ìwé owó aṣọ rẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí oníbàárà mi kan tó ń jẹ mí lówó láti ọdún Àjínde. Kò tíì dáhùn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n ti lọ, wọ́n ti dé! Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ:

“A lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Bùbá ni mo wọ̀. Ọmọ mi san dọ́là 15, èmi san 22, mi ò bínú. Mo jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Níbi kóòtù Douglass, ọmọ yìí kàn yíjú sí mi, ó ní dádì, sányán tí bàbá yín fi sílẹ̀ dà? Mo ní ó wà nísàlẹ̀ àpótí ní Newark. Ilé mi ló sùn. Láàárọ̀ Sátidé a gbé e jáde. Láti 2006 ni mo ti ká a, káńfọ̀ kún inú rẹ̀, ojú ìṣẹ́po ti di ìlà funfun, ibì kan ti fẹ́ já. Ọmọ ní kí n gbé e fún alágbàfọ̀ kó fọ̀ ọ́ kó lọ̀ ọ́. Télọ̀, kí ni kí n ṣe?”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e fún alágbàfọ̀ kankan o. Ẹ má fi omi kàn án, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Fọ́nrán òwú sányán tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ máa já níbi ìṣẹ́po bí ẹ bá fipá mú un tẹ́jú. Ẹ kó káńfọ̀ yẹn kúrò, kó má tún fara kan aṣọ mọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ ìbora òwú funfun tí ẹ ti fọ̀, tí kò ní ọṣẹ lára, sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ tẹ́ ẹ̀wù náà lé e, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i fún ọjọ́ méjì nínú yàrá tí oòrùn kì í dé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá páìpù páálí gbọọrọ, irú èyí tí wọ́n ń ká kápẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ fi aṣọ òwú funfun wé e, kí ẹ ká ẹ̀wù náà mọ́ ọn jẹ́jẹ́ dípò kí ẹ ṣẹ́ ẹ po. Bí àyè kò bá gba páìpù, ẹ fi aṣọ funfun dídì sí gbogbo ibi tó bá fẹ́ ṣẹ́po, kí ẹ sì máa yí ojú ìṣẹ́po padà lọ́dọọdún. Ibi tó fẹ́ já yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi máṣìnnì kàn án. Èmi náà ò ní fi máṣìnnì kàn án bí ẹ bá gbé e wá.

Kí ẹ tó ká a, ẹ dákun, ẹ yí inú rẹ̀ síta ní ọrùn, níbi tí iṣẹ́ ọnà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi síbí. Ẹ má tan iná fóònù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí ẹ ti yà á. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é.